Ìwé Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Dúdú

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ogún ìṣẹ́jú pé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Èmi àti bàbá ahunṣọ kan láti agboolé kan lẹ́yìn Ọjà Ọba la jókòó sínú òkùnkùn, òkùnkùn tó ki débi pé mi ò rí ọwọ́ ara mi. Bàbá ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, mò ń gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń bọ́ lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí mo ti pa iná ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ni ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ya lù wá, ohùn kan sì ní, "Háà, ẹ má bínú, mo rò pé kò séèyàn níbẹ̀ ni." Ilẹ̀kùn padé. Gbogbo rẹ̀ ò tó àsìkò tí èèyàn fi ń sín.

"Bàbá, ẹ dákun, a ó tún un bẹ̀rẹ̀ o."

"Nítorí ìyẹn náà?"

"Nítorí ìyẹn náà ni, bàbá."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kò burú. Ẹ sáà má jẹ́ kí ìrun ọ̀sán pẹ́ mi lọ́wọ́."

Mo mọ ohùn ẹni tó ṣílẹ̀kùn. N ó padà sórí ẹ̀.

Ohun tó fà á tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ fi lè ba iṣẹ́ wa jẹ́ kò le láti yé ni. Lẹ́yìn ẹyinjú, lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gba àwòrán, oríṣi méjì ni àwọn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, àwọn ló ń mọ àwọ̀. Àwọn kejì ń ṣiṣẹ́ lóru, wọ́n sì pọ̀ ju ti ọ̀sán lọ, bí ogún sí ẹyọ kan. Nǹkan kan wà nínú àwọn ti òru tí ìmọ́lẹ̀ máa ń jẹ tán, òkùnkùn ló sì ń dá a padà, díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti inú oòrùn wọ yàrá ṣókùnkùn fi máa ń táràrà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àga. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ti òru wọ̀nyí ṣì ń dáhùn, a ó fi èèyàn sínú òkùnkùn fún 20 ìṣẹ́jú, iye tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò yìí káàkiri àgbáyé ti fẹnu kò lé lórí nìyẹn, a ó wá tan iná kékeré pẹ́ẹ́ sí ojú rẹ̀, a ó sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà ní etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ gba èsì tí ojú fi ránṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Frithiof Holmgren, ló kọ́kọ́ gba irú èsì bẹ́ẹ̀ lára ojú ọ̀pọ̀lọ́ ní 1865. Bàbá wá torí pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òun kì í rí ojú ọ̀nà dáadáa mọ́. Lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ dá ṣáká. Kí a tó wọlé ló ti sọ fún mi pé aró méjì tí kò bára mu ló wà lára aṣọ tí mo wọ̀. Èmi rò pé aró kan náà ni.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bójú tó láàbù tí àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìríran jọ ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ní Ìlọrin. Bí ẹ bá bi ìyá mi léèrè ní Ọ̀fà, wọ́n á ní ọmọ àwọn ti di dókítà ojú. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti rẹ̀ mí. Èmi ni mo ń mú kọ́kọ́rọ́, èmi ni mò ń pín àsìkò, èmi ni mò ń fi ọtí nu ibi tí àwọn èèyàn ń gbé àgbọ̀n lé, èmi náà ni wọ́n ń pè ní aago mẹ́wàá alẹ́ bí ẹ̀rọ kan bá ń ké.

Yàrá mẹ́ta ni. Yàrá kìíní ni ẹ̀rọ OCT wà, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya awọ ẹ̀yìn ojú ní ìpele-ìpele, bí ẹni la àlùbọ́sà sí méjì tó ń wo inú rẹ̀, láìjẹ́ pé nǹkan kan kan ojú. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Ohun tó lè yà sọ́tọ̀ kéré débi pé ẹyọ irun orí kan ju ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ ní sísanra. Yàrá kejì ni ti kọ̀ǹpútà tí a fi ń dán ìríran wò: àwòrán ń ṣí lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó jókòó á tẹ bọ́tìnì bó bá rí i. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ PsychoPy la fi ń darí ìyẹn, ọ̀fẹ́ ni, Jonathan Peirce ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí Ọlọ́run ṣàánú gbogbo ẹni tó ń ṣe nǹkan tó dára tí kì í gbowó. Yàrá kẹta ni yàrá dúdú.

Àwọn tó ń lò ó kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Àwọn dókítà ojú ń wá láti ọsibítù. Àwọn tó ń yẹ ojú wò fún jígí ń wá. Àwọn ti ìmọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ń wá, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ojú kọ́kọ́ máa ń wò lára àwòrán. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ láti máa dá gìlọ́kómà mọ̀, àrùn tó máa ń ba okùn tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹ̀ka kan nínú wọn tó lè dá ra ohun tó wà ní yàrá kìíní nìkan, ká tó sọ ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ ọ̀hún sì wà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe yí Nàìjíríà ká láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ẹni tó ti pé 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí kò ríran lé ní mẹ́rin, àti pé nínú bí i mẹ́fà-mẹ́fà tó fọ́ lójú, gìlọ́kómà ló mú ẹnì kan. OCT tiwa máa ń kun èsì ní àwọ̀ ewé tàbí pupa, á ní eléyìí dára, tọ̀hún kò dára, ṣùgbọ́n ojú àwọn tí wọ́n fi wé tiwa láti mọ èyí tó dára kì í sábàá jẹ́ ojú ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹ lè wá rí ìdí tí àwọn èèyàn fi ń tò síwájú ilẹ̀kùn mi.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, iná ni mo fi ṣe. Kí n tó dé ni wọ́n ti fún ibẹ̀ ní ẹ̀rọ kan ní ẹ̀bùn láti òkè òkun. Fóltì 110 ni tiwọn lọ́hùn-ún, 230 ni tiwa níbí. Wọ́n ní ó mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, a fi aṣọ bò ó bí òkú.

Èyí tó gba ọgbọ́n lọ́wọ́ mi jù ni ti yàrá dúdú. Èsì tí ojú ń fi ránṣẹ́ kéré gan-an, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóltì. Iná inú wáyà ara ògiri sì ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ń ru gùdù lórí gbogbo ohun tí a bá kọ sílẹ̀. Èyí kì í ṣe tuntun, a ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa yọ 50 yẹn dànù. Ó ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n láwọn ọjọ́ kan, gùdù náà á kọ̀, kò ní lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pààrọ̀ okùn, tí mò ń nu awọ àwọn èèyàn títí tó fi ń pọ́n. Ọmọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ wa ṣe ló tú u fún mi láìmọ̀. Ó dúró lẹ́yìn ilé, ó tẹ́tí, ó ní, "Mà, eré ẹ̀ ò dúró lójú kan. Ẹ gbọ́ ọ báyìí. Ó ń gùn, ó ń sọ̀." Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń gùn tó ń sọ̀, iná rẹ̀ kì í ṣe 50 mọ́. Ó lè jẹ́ 47, ó lè jẹ́ 52, kọ̀ǹpútà sì jókòó sídìí 50, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí olè ò gbà wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, bátìrì nìkan la fi ń ṣe ìdánwò ojú nínú òkùnkùn. A ó yọ ohun gbogbo kúrò lára ògiri.

A tún ṣe àhámọ́ onírin kan tí ẹni tí à ń dán wò á jókòó sí, kí iná ìta má baà dé ara rẹ̀. Wẹ́dà kan ní Ìpàta ló bá wa ṣe é. Ó wọ̀n ọ́n, ó wo nẹ́ẹ̀tì tí mo mú wá, ó ní, "Àǹtí, adìyẹ mélòó lẹ fẹ́ sìn?" Mo ní ojú èèyàn la fẹ́ fi wò. Kò béèrè nǹkan mìíràn mọ́, ó sì gbowó rẹ̀ tán pátá kó tó bẹ̀rẹ̀.

Eruku ọyẹ́ àti ìtutù òjò, n ò ní pẹ́ lórí wọn. Jígí inú ẹ̀rọ máa ń bu bíi búrẹ́dì bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sínú yàrá tí kò gba atẹ́gùn. Àwọn jígí wa ń gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú gílóòbù kan tó ń jó tọ̀sán-tòru.

Ẹ̀rọ ṣeé kọ́. Àwọn tó ń lò ó ló ṣòro. Pùròfẹ́sọ̀ kan wà tí kì í kọ orúkọ sínú ìwé àsìkò. Yóò kàn dé ni. Bí ẹ bá jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ìṣòro mi: ẹni tó lè bí mi lọ́mọ ni, ó kọ́ àwọn tó kọ́ mi, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àsìkò náà á sì ti dìde fún un kí n tó lanu. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí ni pé kí n kúnlẹ̀, kí n kí wọn dáadáa, kí n béèrè àlàáfíà ilé, kí n wá sọ pé, "Prof, aago méjì ni mo ti fi pamọ́ fún yín, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án." Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣiṣẹ́, nígbà mẹ́ta nínú márùn-ún.

Ẹ̀bi tèmi ló kù tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo lẹ bébà kan mọ́ ara ilẹ̀kùn: ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ yóò san ₦5,000. Inú ọ̀gá mi dùn. Ọdún kan gbáko, kò sí nǹkan tó bàjẹ́ ní láàbù mi. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn ọdún, mo sì fi ń yangàn.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Òmù-Àrán ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kejì lákòókò yẹn. Ó fẹ́ mọ bí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ṣe lè rí ohun tó ṣú fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ohun tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sí, kí awọ ẹ̀yìn ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Irú iṣẹ́ yìí, gbogbo rẹ̀ dúró lórí pé a mọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kì í sì í sọ òótọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ní kó fún yín ní ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ló máa fún yín, àfi bí a bá ti fi ẹ̀rọ ìwọn-ìmọ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n, tí a kọ àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan bọ́tìnì lẹ́yìn náà. Mo ti ṣe gbogbo ìyẹn. Ọmọ náà ti dán èèyàn 31 wò kí n tó tún wọ̀n ọ́n, ohun tí mo rí ò sì jọ ohun tí mo kọ sílẹ̀ rárá. Ẹnì kan ti fọwọ́ kan bọ́tìnì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan wá bá mi nílé ní Tańkẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Ó ní òun ni, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ojú ń dun òun, òun dín ìmọ́lẹ̀ náà kù, nígbà tí òun ṣe tán òun dá a padà síbi tó wà.

Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ ibi tó wà?"

Ó ní, "Mo fojú wò ó, mà."

Ó fojú wò ó! Ẹni tó ń ka ìwé nípa ojú! Ohun àkọ́kọ́ tí à ń kọ́ wọn ni pé ojú kì í ka iye ìmọ́lẹ̀, pé ibi tó bá bá ara rẹ̀ ló máa ń bá mu, òun náà ló jẹ́ kí èèyàn lè ka ìwé nínú oòrùn àti lábẹ́ fìtílà. Ojú ni kì í jẹ́rìí sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo bá a wí títí. Lẹ́yìn náà mo béèrè ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ béèrè: kí ló dé tí kò sọ lọ́jọ́ náà?

"Mà, ₦5,000."

Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni fún un. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàròyé. Ẹnu mi wọhò.

Nínú èèyàn 31 yẹn, 19 ló gbà láti padà wá. Mo fi owó àtúnṣe san owó kẹ̀kẹ́ wọn. Ọmọbìnrin náà kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àwọn àgbà ní òkúta kan ló fún ìlú yìí lórúkọ: Ìlọ-irin, òkúta tí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ fi ń lọ irin wọn. Ó ṣì wà ní Ìdí-Àpé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo máa ń rò ó pé láàbù tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò ni ti àtijọ́ nìyẹn, ẹni tó ni òkúta náà, Òjó Ìsẹ̀kúsẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, sì ni ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́. Ǹjẹ́ àwọn náà máa ń jà lórí ẹni tó kàn? Ǹjẹ́ ẹnì kan máa ń fi àáké ńlá gé ojú òkúta tí yóò sì yọ́ kẹ́lẹ́ lọ? Ohun tí mo jowú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni pé òkúta tó bá jẹ, gbogbo ojú ló máa rí i. Èyí tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ tèmi ń tàn yòò, ó ń gba iṣẹ́, ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ àfi ẹni tó bà á jẹ́. Bí mo bá wá sọ ẹni yẹn di ọ̀daràn, èmi ni mo fọ́ ara mi lójú.

Mo ya bébà náà kúrò. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá dúdú, mo fi okùn so báírò mọ́ ọn. (Báírò náà ti sọnù nígbà mọ́kànlá. Okùn rẹ̀ ò sọnù rí.) Mo kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, pé kí ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kò sí owó, kò sí ìbínú. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ: mo da tíì sórí kíbọ́ọ̀dù yàrá kejì. Òótọ́ ni. Láàárín oṣù kan, ó ti di ogójì. Ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan gbàgbé rẹ̀, ẹnì kan kò mọ̀ bóyá òun lòun ṣe é.

Ọ̀gá mi pè mí. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tó o ti gbé ìwé yìí síbẹ̀, nǹkan ń bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Mo ṣàlàyé. Wọ́n mi orí, mi ò rò pé wọ́n gbà.

N ò sì ní purọ́ pé ó tán síbẹ̀. Ẹnì kan wà tó ti fi iná ẹ̀rọ sílẹ̀ nígbà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sì kọ ọ́ síbẹ̀ tẹwàtẹwà, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, bí ẹni ń san owó orí. Mi ò tíì mọ ohun tí n ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Pùròfẹ́sọ̀ wa náà kò kọ nǹkan síbẹ̀ rí. Bí ọ̀ràn bá kàn wọ́n, wọ́n á rán akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà á sì kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ ló bọ́ fúnra rẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú kejì, bàbá kò fa tẹ̀sùbáà mọ́, ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ẹlòmíràn kì í jókòó sídìí òfì òun, ọmọ òun tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun pàápàá kì í jókòó síbẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn máa ń yí i padà, ẹni tó ni ín á sì fi ọjọ́ méjì wá ibi tó ti ṣì. Mo ní èèyàn méjìlélógójì ló ń jókòó sídìí tèmi. Ó rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́.

A ṣe ìdánwò náà tán. Mi ò ní sọ èsì rẹ̀ níbí, tirẹ̀ ni. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, tí àwa méjèèjì ń ṣẹ́jú bí òwìwí, mo rí i pé ìwé náà ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, lẹ́tà gbọọrọ tí gbogbo wa mọ̀ lára ìwé ìdánwò wa láti ọdún pípẹ́: "11:40. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá dúdú láìkànkùn. Bàbá kan wà nínú." Wọ́n fọwọ́ sí i fúnra wọn.

Bàbá béèrè ohun tí mò ń wò. Mo kà á fún un.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sábẹ̀ pé mo ti gbọ́."

Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó béèrè ibi tí omi àlùwàlá wà.